Hájárà láàárín òkè méjì: ohun tó ṣẹlẹ̀ sí eré ìrìn wa ní Kétu

Obìnrin tó kọ́kọ́ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà wa, lọ́jọ́ tí a gbé eré orí kọ̀ǹpútà tí a ṣe síta fún èèyàn, pọn ọmọ sẹ́yìn. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún di máòsì mú, ó fi tòsì tẹ ibi tí a ní kó tẹ̀, ilẹ̀ inú àwòrán ò yẹ̀. Ó tẹ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Dípò kó lọ síwájú, ńṣe ló yà sósì. Ó wo ojú mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé mo ṣì í ṣe ni?" Mo ní rárá, àwa la ṣì í ṣe.

Èkó ni wọ́n ti ra kọ̀ǹpútà tí àbúrò mi fi ṣe eré náà, kíbọ́ọ̀dù Gẹ̀ẹ́sì ló wà lórí rẹ̀. Èyí tí a yá fún àfihàn, ti Faransé ni, irú èyí tó kún ọwọ́ èèyàn ní Bẹ̀nẹ̀ tí Kétu wa wà: ibi tí W wà lórí tọ̀hún, Z ló wà níbẹ̀, ibi tí A wà, Q ni. Godot tí a fi kọ́ eré náà lè máa wo ibi tí bọ́tìnnì wà dípò lẹ́tà tí wọ́n kọ sórí rẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ yẹn ò gba ìdajì wákàtí kó tó tán. Gbogbo wa rò pé ìṣòro ọjọ́ yẹn ti tán nìyẹn. Kó tó di àṣálẹ́, a ti mọ̀ pé kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Kí n sọ irú eré tó jẹ́. Eré ìrìn ni. Kò sí ìbọn, kò sí ọ̀tá, kò sí máàkì. Ẹni tó ń ṣe é á máa fi ojú ẹni tó wà nínú ìtàn wo ayé, á máa rìn, ohùn kan á sì máa bá a sọ̀rọ̀ bó ṣe ń lọ. Àwọn tó fẹ́ràn eré ogun ló ń fi orúkọ yẹn bú irú eré bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, pé ìrìn lásán ló wà nínú rẹ̀, àfi bí orúkọ náà ṣe mọ́ ọn lára. Èyí tí èmi àti àbúrò mi kọ́kọ́ ṣe ni Dear Esther, tí ilé iṣẹ́ The Chinese Room gbé jáde fún títà ní 2012. Erékùṣù kan ní Scotland lèèyàn á máa rìn káàkiri, ọkùnrin kan á sì máa ka àjákù lẹ́tà sí i létí. A parí rẹ̀ lóru ọjọ́ kan tí iná ò lọ. Mo sọ fún àbúrò mi pé mo mọ ìtàn kan tó jẹ́ pé ìrìn gan-an ni ìtàn náà.

Gbogbo ọmọ ilé kéwú ló mọ̀ ọ́n. Ànábì Ibrahim mú Hájárà àti Ismaila ọmọ wọn tó ṣì ń mu ọmú lọ sí àfonífojì Mẹ́kà nígbà tí kò tíì sí èèyàn kankan níbẹ̀. Ó fi àpò dàbínù kan àti ìgò awọ omi kan sílẹ̀ fún wọn, ó sì kẹ́yìn sí wọn. Hájárà ń tẹ̀ lé e, ó ń bi í pé ta ló fi àwọn sílẹ̀ fún. Kò dáhùn. Ìyàwó wá bi í pé ṣé Ọlọ́run ló pa á láṣẹ. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Hájárà ní, tó bá rí bẹ́ẹ̀, kò ní fi wá sílẹ̀. Omi tán. Òùngbẹ ń gbẹ ìyá, ó ń gbẹ ọmọ, ọmọ ń yí gbirigbiri nílẹ̀, kò sì lè jókòó máa wò ó. Ó gun òkè Safa bóyá á rí ẹnì kan, kò rí. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gun Marwa, kò rí. Ẹ̀ẹ̀meje. Orí Marwa ló wà tó fi gbọ́ ohùn, nígbà tó sì wo ibi tí ọmọ wà, màláíkà ló rí tó ń wa ilẹ̀, omi sì ń sun. Omi Zamzam nìyẹn. Ìrìn rẹ̀ yẹn ni àwọn tó ń ṣe Hájì ń rìn títí dòní, orúkọ òkè méjèèjì sì wà nínú Al-Kùránì, Súrà kejì, ẹsẹ 158.

Ìtàn omi kì í ṣe ìtàn ọ̀nà jíjìn fún wa. Orí ilẹ̀ gíga ni Kétu wà, omi jìn nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá dàgbà níbí láàárín ìyá àti ìyá àgbà ti gbọ́ nípa kànga tí okùn ò tó, nípa bàsíà tí wọ́n tò sórí ìlà láti òru, nípa ẹni tó lọ tó sì padà pẹ̀lú òfo lórí. Mo mọ̀ pé àwọn tó máa ṣe eré náà á mọ ohun tí Hájárà ń wá. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé mo máa di ojú ọ̀nà mọ́ wọn.

Àwa mẹ́ta la ṣe é. Àbúrò mi ló kọ kóòdù. Ọ̀rẹ́ wa kan, ọmọ ìjọ Àgùdà, ló fi Blender, ohun èlò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà, ya òkè, igi àti iyanrìn. Ọ̀rọ̀ àti ohùn jẹ́ tèmi. Mo kọ ọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń sanwó fún lórí gbólóhùn. Ẹyọ 41 ni: ẹni tó bá ń rìn á kọjá nínú àpótí kan tí ojú ò rí lórí ilẹ̀, bí ó bá ti wọ inú rẹ̀ báyìí, ohùn mi á bẹ̀rẹ̀. Mo kà á bí àwọn tó ń ka ìròyìn lórí rédíò Nàìjíríà. Oòrùn mú, mo sọ pé oòrùn mú. Iyanrìn gbóná, mo sọ pé iyanrìn gbóná. "Ẹ wo ìyá yìí bó ṣe ń wá omi, tí omi ò sí, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jó fòfò!" Mo fẹ́ràn gbólóhùn yẹn débi pé mo fi sí ibi méjì.

Ohun mìíràn tí mo ṣe tún wà. Níbẹ̀rẹ̀, èèyàn lè di bọ́tìnnì kan mú kó sì sáré. Nígbà tí a ń dán an wò, mo rí i pé ẹni tó bá sáré á ti kúrò nínú ibi ọ̀rọ̀ kan kí n tó sọ̀rọ̀ náà tán, èkejì á sì bọ́ lé e. Mo ní kí àbúrò mi yọ eré sísá kúrò. Ó yọ ọ́.

Yàrá tí a fi ṣe àfihàn kò jìnnà sí ilé kéwú kan. Kò ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ sí Iléyá. Èèyàn 11 ló jókòó ṣe é lọ́jọ́ náà. Méjì péré ló dé ìparí. Àwọn tó dìde ò bú wa, wọ́n ní ó dára, wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́. Ọmọkùnrin kan tó ń gun zémìjàn, ìyẹn ọ̀kadà akérò, ló là á mọ́lẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, kí ni mò ń ṣe gan-an? Ẹ̀yin lẹ̀ ń ṣe gbogbo rẹ̀." Àbúrò mi ní ká fi nǹkan tí wọ́n á máa ṣà sí i, kí dàbínù wà lójú ọ̀nà, kí nọ́ńbà máa gòkè. Ọ̀rẹ́ wa ní àwòrán òkè ò tíì dáa tó. Èmi ò sọ nǹkan kan. Inú ń bí mi sí ọmọkùnrin onízémìjàn yẹn, mo sì mọ̀ pé òótọ́ ló sọ.

Ààfáà tó ń kọ́ àwọn ọmọ nílé kéwú náà dé lẹ́yìn ìrun àsáárì. Bàbá ọ̀hún ò jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ó dúró sẹ́yìn ọmọbìnrin tó ń ṣe é, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Mo rò pé àsíkìrì ló ń ṣe. Àfi bó ṣe dá ọwọ́ dúró lórí ìlẹ̀kẹ̀, tó sì pè mí.

"Mẹ́lòó ni obìnrin yìí máa rìn?"

"Méje, Ààfáà."

"Ó ti rin méje. Ó ti ń lọ sí ẹ̀ẹ̀kẹjọ."

Mo ní ìkẹrin ló ń lọ. Wọ́n na tẹ̀sùbáà sí mi. Ìlẹ̀kẹ̀ méje ti kọjá sápá kan, wọ́n fi àtàǹpàkò di ìkẹjọ mú. "Safa sí Marwa, ọ̀kan. Marwa sí Safa, èkejì. Lórí Safa ló ti bẹ̀rẹ̀, lórí Marwa ló parí sí. Tẹ́ ẹ bá ń ka àlọ àti àbọ̀ ní ọ̀kan, orí Safa ló máa parí sí, ó sì máa rin mẹ́rìnlá."

Àbúrò mi ṣí kóòdù níbẹ̀. Bọ́rọ̀ ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ìgbà tí ẹsẹ̀ bá kan orí Safa nìkan ni kóòdù ń ka ọ̀kan. Láàárín òkè méjèèjì jẹ́ bíi mítà 450, àwa sì fi bó ṣe rí gan-an sínú eré, pẹ̀lú ìrìn mítà 1.4 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bí àgbàlagbà ṣe ń rìn. Ìrìn kan gba ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Méje ì bá gba bíi ìṣẹ́jú 37. Mẹ́rìnlá gba wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15. A ò mọ̀, torí pé nígbà tí àwa ń dán an wò, àbúrò mi ní bọ́tìnnì kan tó ń gbé wa fò láti òkè kan sí èkejì. Kò sí ẹni tó fi ẹsẹ̀ rìn ín tán nínú wa. Ẹni tó kọ eré nípa ìrìn Hájárà ò rìn ín.

Mo rò pé Ààfáà á bínú. Wọn ò bínú. Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó, wọ́n sì sọ nǹkan mẹ́ta sí i.

Àkọ́kọ́ kò pẹ́. A ti gba àwòrán ọkùnrin onírùngbọ̀n kan lọ́fẹ̀ẹ́, a fi ṣe Ànábì Ibrahim. Wọ́n ní ká yọ ọ́, àwọn ò ní jẹ́ kí ọmọ kéwú àwọn rí i, a sì yọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ipa ẹsẹ̀ lórí iyanrìn, tó ń lọ tí kò sì bọ̀, ló wà níbẹ̀ báyìí. Lójú tèmi, ó dùn mí ju ọkùnrin onírùngbọ̀n yẹn lọ. Hájárà fúnra rẹ̀ ò ní ìṣòro kankan, torí ẹni tó ń fi ojú rẹ̀ wòran ò lè rí ojú rẹ̀. Aṣọ tí wọ́n dì ni a fi ṣe ọmọ.

Èkejì kan ọ̀rẹ́ wa. Ìtàn tí wọ́n fi kọ́ òun ní ìjọ ló wà lórí rẹ̀, ti Gẹ́nẹ́sísì orí 21: Hágárì nínú aginjù Bíáṣébà, ó tẹ́ ọmọ sábẹ́ igbó kékeré, ó lọ jókòó lọ́ọ̀ọ́kán, bí ibi tí ọfà á ta dé, kó má baà rí ikú ọmọ, ó sì ń sunkún títí Ọlọ́run fi la ojú rẹ̀ tó rí kànga. Ó ti fi igbó Bíáṣébà sí ẹsẹ̀ Safa. Ààfáà ní ìtàn méjèèjì ló ní olówó rẹ̀, ẹ má fi ọ̀kan ṣe àmúlùmálà èkejì. Nínú ti ìjọ, ìyá jókòó. Nínú tiwa, ìyá dìde. Ọ̀rẹ́ wa gbà. Igi ńlá kan ló wà níbẹ̀ báyìí, bó ṣe wà nínú hàdíìsì, ìyẹn ìròyìn tó wá láti ọ̀dọ̀ Ànábì Muhammad àti àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ló gba gbogbo ọkàn mi. Ààfáà ní, "Kí ló dé tí kò lè sáré?"

Mo ṣàlàyé nípa ohùn mi àti àwọn àpótí àìrí. Wọ́n gbọ́ mi tán. Wọ́n wá ní hàdíìsì tí Ibn Abbas sọ, èyí tó wà nínú ìwé Bukhari, sọ pé nígbà tí Hájárà sọ̀ kalẹ̀ dé àfonífojì, ó ká etí aṣọ rẹ̀ sókè, ó sì sáré bí ẹni tí wàhálà bá, títí ó fi la àfonífojì náà kọjá. Ibẹ̀ ni àwọn ọkùnrin tó ń ṣe Hájì ti ń sáré dòní, wọ́n tan iná aláwọ̀ ewé sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. "Àlàyé tí wọ́n fi kọ́ wa ni pé ibẹ̀ ló ti lọ sísàlẹ̀ tí kò sì rí ọmọ mọ́. Orí òkè, ó ń rí i. Ìsàlẹ̀, kò rí i. Ta ni kò ní sáré?"

Ọ̀rọ̀ tèmi ló so obìnrin yẹn lẹ́sẹ̀. Mo ti gba eré sísá lọ́wọ́ rẹ̀ kí gbólóhùn mi lè parí.

A bẹ̀rẹ̀ lọ́tun. Ọ̀rẹ́ wa wa ilẹ̀ àárín jìn díẹ̀, ó tó kí igi tí ọmọ wà lábẹ́ rẹ̀ wọ̀ mọ́ èèyàn lójú. Àbúrò mi dá eré sísá padà, ṣùgbọ́n inú àfonífojì nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, bó ti wù kéèyàn di bọ́tìnnì náà mú tó, ẹsẹ̀ ò yá. Kò sí ohùn rárá nísàlẹ̀ yẹn. Èémí rẹ̀ lẹ̀ ń gbọ́. A dín mítà 450 kù sí 150, ìrìn méje wá ń gba bíi ìṣẹ́jú 12. Mo kọ́kọ́ bẹ̀rù pé kò yẹ ká dín in. Ààfáà ní ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ò ṣe Hájì, ìtàn ló ń gbọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹkún ọmọ, obìnrin tó pọn ọmọ yẹn ló kọ́ wa. Àbúrò mi ti ṣe é kí ẹkún máa lọ sílẹ̀ béèyàn bá ṣe ń jìnnà sí igi. Obìnrin náà gun òkè díẹ̀, ó gbọ́ ẹkún lẹ́yìn rẹ̀, ó yí padà sọ́dọ̀ ọmọ. Kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀, a ò ṣètò nǹkan kan síbẹ̀. Ó tún lọ, ó tún padà. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó fi máòsì sílẹ̀, ó fà ọmọ tirẹ̀ wá síwájú, ó sì ń fún un lọ́mú níbẹ̀. "Ọmọ ń ké, ẹ ní kí n máa lọ. N ò lè ṣe é." Èmi kà á sí pé eré wa ti kùnà lọ́wọ́ rẹ̀. Àbúrò mi ní rárá o, ẹni yìí nìkan ló ṣe é bó ṣe yẹ. A bi Ààfáà léèrè. Wọ́n ní ó wà nínú ọ̀kan lára ọ̀nà tí hàdíìsì náà gbà dé ọ̀dọ̀ wa pé Hájárà padà lọ wo ọmọ náà. Nísinsìnyí, bí ẹ bá padà sábẹ́ igi, ẹkún á rọlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ẹ óò rí i tí aṣọ ń gbé sókè tó ń wálẹ̀ bí ọmọ ṣe ń mí. Lẹ́yìn náà ẹkún á tún bẹ̀rẹ̀, kò sì sí nǹkan mìíràn láti ṣe ju kí ẹ dìde lọ.

Ó wá ku ohùn. Mo gbé ìwé mi lọ bá ìyá bàbá mi, tó gbé omi lórí títí irun àárín orí rẹ̀ fi fá. Mo fẹ́ kí wọ́n tún èdè mi ṣe díẹ̀ ni. Wọ́n ní kí n kà á. Mo ka ti òkè àkọ́kọ́.

"Kí ló rí lókè yẹn?"

"Kò rí nǹkan kan, Ìyá."

"Òkè kejì ńkọ́?"

"Kò rí nǹkan kan."

"Kí lo wá ń sọ̀rọ̀ tó pọ̀ tó yẹn lé lórí?"

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ọ́. Alẹ́ la gbà á sílẹ̀, nígbà tí ọ̀kadà àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn ti dákẹ́, nínú yàrá tí a fi aṣọ àti tìmùtìmù dí ojú fèrèsé rẹ̀, fóònù lórí àpótí níwájú wọn. Ẹyọ 41 di 9: ọ̀kan nígbà tí ipa ẹsẹ̀ bá ń lọ, méje lórí òkè, ọ̀kan nígbà tí omi bá dé. Lórí òkè, gbólóhùn kan náà ni wọ́n sọ lẹ́ẹ̀meje: "Ó wò. Kò sí ẹnì kan." Mo rò pé màá ní kí wọ́n yí i padà kó má baà sú èèyàn. Ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tó ń ròyìn. Ìgbà kẹta, wọ́n dá ẹnu dúró lẹ́yìn "ó wò". Ìgbà kẹfà, "kò sí" nìkan ló jáde, ìyókù ò dún. N kò fọwọ́ kàn án.

Àkọlé ìsàlẹ̀ tún dà wá láàmú fún ọjọ́ méjì, torí Godot àtijọ́ tí a ń lò ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé àmì ohùn lé ẹ àti ọ lórí; àmì á lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí a kó eré náà sínú Godot 4, èyí tó jáde ní 2023, ó tọ́.

Àfihàn kejì, yàrá kan náà. Kíbọ́ọ̀dù ṣiṣẹ́. Ọmọkùnrin onízémìjàn padà wá, ó ṣe é tán, kò sì sọ̀rọ̀. Obìnrin ọlọ́mọ náà wá pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan. Ó rìn, ó sáré níbi tí ó ti ṣeé sá, ó padà sábẹ́ igi lẹ́ẹ̀mejì. Lórí Marwa, ní òpin ìrìn keje, ìyá bàbá mi ò sọ̀rọ̀ kankan mọ́. Ìró omi kékeré kan ló wá láti ọ̀nà jíjìn. Láti ibẹ̀ lọ, eré sísá ń ṣiṣẹ́ níbi gbogbo, a ò sì kọ ọ́ síbì kankan. Ó mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀. Ó sáré sọ̀ kalẹ̀, ó la àfonífojì kọjá, ó dé ìdí omi.

A ti ṣètò pé ibẹ̀ ni èèyàn á ti tẹ bọ́tìnnì, kí ọwọ́ Hájárà kó iyanrìn yí omi ká kó má ṣàn lọ, gẹ́gẹ́ bí hàdíìsì ṣe wí. Kò tẹ̀ ẹ́. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi, ó dúró lórí ọmọ, ó sì ń tẹ gbogbo bọ́tìnnì tó wà lórí kíbọ́ọ̀dù lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Èwo ni mo fi ń gbé e?"

Kò sí èyí tó fi ń gbé e. Àbúrò mi ti ń kọ ọ́ sínú ìwé.